Pásítọ̀ Tí Ìjọ Tú Sílẹ̀ Lẹ́yìn 30 Ọdún: Ọ̀ràn Lemuel Haynes àti West Rutland

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1818, Lemuel Haynes gun àga ìwàásù ìjọ West Rutland, ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, ó sì dágbére fún àwọn tó ti ń ṣe pásítọ̀ wọn láti 1788. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20 ẹsẹ 24 ló mú, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ fún àwọn alàgbà Éfésù pé òun ò ka ẹ̀mí òun sí nǹkan kan, bí òun bá ṣáà ti parí iré ìje òun. Ó wá ṣírò iṣẹ́ ara rẹ̀ lójú wọn: ìwàásù bí 5,500, nǹkan bí 400 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ìsìnkú. Ọmọ ìjọ 42 ló bá nílẹ̀ nígbà tó dé. Àwọn tó wọlé lẹ́yìn náà lé ní 300.

Wọn ò fẹ̀sùn owó kàn án, wọn ò fẹ̀sùn obìnrin kàn án, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé ó yí ẹ̀kọ́ padà. Ẹni ọdún 64 ni, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti bí ọmọ mẹ́wàá. Síbẹ̀, ìjọ ní ó tó gẹ́ẹ́.

Haynes jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òyìnbó tán. Nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí ní 1785, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a mọ̀ ní Amẹ́ríkà tí àwọn ìjọ Kristẹni fi jẹ àlùfáà. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ fi máa ń fi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á sì fi àwọ̀ parí rẹ̀. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe lé e, kó kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe pè é, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ṣe méjèèjì.

Ẹni tó bá dàgbà nínú ìjọ Áńgílíkà lè má tètè lóye ètò wọn. Ní ti Áńgílíkà, bíṣọ́ọ̀bù ló ń gbé àlùfáà síbi tó bá wù ú; ìjọ á kàn gbọ́ ni pé wọ́n ti gbé Bàbá lọ síbòmíràn. Ìjọ Congregational, irú èyí tó wà ní West Rutland, kò ní bíṣọ́ọ̀bù. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣàkóso ara rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ ló ń jókòó, tí wọ́n ń dìbò, tí wọ́n ń kọ̀wé ìpè sí pásítọ̀, tí wọ́n sì ń dá iye owó tí wọn yóò máa san fún un lọ́dún. Ìgbìmọ̀ àwọn pásítọ̀ àdúgbò á wá láti gbé ọwọ́ lé e tàbí láti jẹ́rìí pé ìdè ti tú, ṣùgbọ́n ìjọ ló ni ọ̀rọ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi nílẹ̀ Yorùbá náà ń pe pásítọ̀ báyìí, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ bí ìpàdé ìjọ ṣe ń gbóná nígbà tí ọ̀rọ̀ pásítọ̀ bá délẹ̀.

Wọ́n bí Haynes ní West Hartford, ní Connecticut, ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1753. Ọmọ Áfíríkà ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀, kò sì sí èyí tó tọ́ ọ nínú àwọn méjèèjì. Orúkọ Haynes tó ń jẹ́ pàápàá, ti onílé tí wọ́n bí i sí ni. Ọmọ oṣù márùn-ún ni nígbà tí wọ́n ṣe ìwé àdéhùn lé e lórí, tí wọ́n sì fà á lé David Rose lọ́wọ́, àgbẹ̀ kan tí kò ríran, tó jẹ́ díákónì ní Granville ní Massachusetts, pé kí ọmọ náà máa sìn ín títí yóò fi pé ẹni ọdún 21. Ó jọ ìwọ̀fà, àfi ti pé ìwọ̀fà mọ gbèsè tó ń tìtorí rẹ̀ sìn. Ọmọ jòjòló yìí ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ìyàwó Rose ló di ìyá fún un. Haynes fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin náà ṣe òun bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ní ti ìyá tó bí i gan-an, Timothy Mather Cooley, tí òun náà jẹ́ pásítọ̀ ní Granville yìí kan náà, tó sì tẹ ìtàn ayé Haynes jáde ní 1837, sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe kòńgẹ́ ara wọn nílé mọ̀lẹ́bí kan nítòsí. Ọmọ ń retí pé ìyá á kí òun. Ìyá fẹ́ yọ́ jáde. Ọmọ rí i, ó sì bá a wí wíwí tó le. Èmi ò mọ ẹni tí mo lè bá dá a lẹ́bi.

Iṣẹ́ oko ló ń ṣe lójúmọ́. Lálẹ́ ni ó ń kàwé, lẹ́bàá iná ààrò, nítorí àbẹ́là wọ́n. Ìwé tó bá rí yá ló ń kà: ìwé álífábẹ́ẹ̀tì, Sáàmù, Bíbélì. Ní ìdílé Rose, bí ilẹ̀ Sátidé bá ti ṣú, ọjọ́ Olúwa ti wọlé nìyẹn, wọ́n á jókòó, ẹnìkan á sì ka ìwàásù àgbà oníwàásù kan sókè. Lemuel ló sábà máa ń kà á, torí ojú díákónì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó fi ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ sáàárín ìwé ìwàásù náà, ó sì kà á já. Ọkàn bàbá dùn sí i gan-an. Ó béèrè pé ta ló kọ èyí, ṣé Davies ni, àbí Watts, àbí Whitefield? Ọmọ ò kọ́kọ́ lè dáhùn. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìwàásù Lemuel ni."

Ìjọ kan ti rí pásítọ̀ nínú ilé nìyẹn, láìtíì sí ìdìbò.

Ọdún 1774 ló pé ẹni ọdún 21, àdéhùn parí. Ogun òmìnira tí Amẹ́ríkà bá Bírítéènì jà ń bọ̀ lọ́nà. Ó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun àdúgbò. Lẹ́yìn ìjà Lexington ní oṣù Kẹrin 1775, ó wà lára àwọn tó lọ dó ti Boston láti Roxbury. Ní 1776 ó bá wọn lọ sí ibi odi Ticonderoga, ibẹ̀ ni àìsàn ibà tó burú ti dá a padà sílé.

Dartmouth, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní New Hampshire, ṣí ilẹ̀kùn fún un ní 1779, kò lọ. Ó gba ọ̀dọ̀ pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Daniel Farrand lọ ní Canaan, ní Connecticut, ó kọ́ èdè Látìn. Ó kọ́ Gíríìkì lọ́dọ̀ William Bradford ní Wintonbury, ó sì ń ṣe tíṣà kí ó lè rí owó jẹun. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1780, wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ láti máa wàásù. Ìjọ tó kọ́kọ́ pè é ni ìjọ tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Granville. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ọmọ ọwọ́, tó bá wọn pàgbo, tó bá wọn kó koríko màlúù, ni wọ́n dìbò pé kó máa darí àwọn. Wọ́n máa ń ní wòlíì kì í níyì nílùú ara rẹ̀. Ní ti Haynes, ìlú tó tọ́ ọ ló kọ́kọ́ gbà á.

Nínú ìjọ Granville yìí ni ó ti pàdé Elizabeth Babbitt. Òyìnbó ni, tíṣà ni, ẹni 20 ọdún ni, lábẹ́ ìwàásù Haynes ló sì ti yí padà. Elizabeth ló kọ́kọ́ sọ fún Haynes pé òun fẹ́ kí àwọn fẹ́ra. Ẹ fojú inú wo pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú ní ọdún 1783 tí ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó inú ìjọ rẹ̀ wá bá pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ yìí. Kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó gbàdúrà, ó tún lọ bá àwọn pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gba òun nímọ̀ràn. Gbogbo wọn ní kó gbà. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n ṣègbéyàwó, ní Hartland. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé Hartland wà ní Connecticut, lódì kejì ààlà sí Granville. Láti 1705 ni òfin Massachusetts ti ní kí òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú má fẹ́ra wọn. Connecticut kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Èmi ò rò pé èèṣì ni wọ́n fi sọdá ààlà.

Lára ohun tó fi gba ìpè tí Torrington ní Connecticut fi ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá 1785, mo rò pé ìdílé wà níbẹ̀. Ọdún méjì péré ló lò níbẹ̀. Cooley sọ ìtàn ọkùnrin kan níbẹ̀ tí inú ń bí pé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n mú wá: ó wọ ilé Ọlọ́run tòun ti fìlà lórí, ó jókòó bẹ́ẹ̀ láti fi hàn pé òun ò bọ̀wọ̀ fún un. Ìwàásù ò tíì lọ jìnnà tí ó fi já fìlà sílẹ̀, ó sì ní òun ò tíì rí ẹni tó funfun tó oníwàásù náà rí. Ọkùnrin yẹn di ọ̀rẹ́ Haynes. Àwọn mìíràn tó fìlà ò bọ́ lórí wọn ṣì pọ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá tún wo ohun tí ọkùnrin oníyìn yẹn sọ, ẹ ó rí i pé kò yin dúdú; ńṣe ló sọ ọ́ di funfun kó tó lè yìn ín. Irú ìyìn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó tán.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 1788 ni ìpè West Rutland dé. Vermont ò tíì wọ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà. Ọdún 1791 ló wọlé. Òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1777 ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi àgbàlagbà ṣẹrú. Ilẹ̀ tuntun ni, igbó ṣì wà, àwọn tó tẹ̀dó síbẹ̀ sì wá láti Connecticut àti Massachusetts, ibi tí wọ́n ti mọ irú ìwàásù tí Haynes ń ṣe: ẹ̀kọ́ Calvin gidi, pé Ọlọ́run nìkan ló ń yan ẹni tí yóò là, bí àgbà oníwàásù Jonathan Edwards ṣe fi lélẹ̀. Irú oníwàásù tí wọ́n ń wá nìyẹn, kò sì pọ̀ tó máa gbà láti lọ gbé inú igbó.

Owó ọdọọdún kò tó bọ́ ọmọ mẹ́wàá. Ó ń dáko. Ó ń gégi, ó ń kórè, ó sì ń múra ìwàásù lálẹ́ bó ṣe ń ṣe láti kékeré. Lábẹ́ òfin Vermont àtijọ́, ìlú lè bu owó orí lé aráàlú láti fi bọ́ pásítọ̀. Ní 1807, ìjọba fòpin sí i. Láti ìgbà náà, ohun tí ọmọ ìjọ bá fínnúfíndọ̀ mú wá ni pásítọ̀ ń jẹ. Ẹ rántí ọdún yẹn. Kí ó tó di 1807, ẹni tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Haynes lórí ìṣèlú ṣì ní láti san owó rẹ̀ bí kò bá rí ọ̀nà yẹra. Lẹ́yìn 1807, ó lè di àpò rẹ̀ mú, kò sì sí ẹni tó máa bi í.

Òkìkí rẹ̀ kàn ju Vermont lọ. Ní 1804, ilé ẹ̀kọ́ gíga Middlebury fún un ní oyè Master of Arts ti ìdánilọ́lá. Kò sí aláwọ̀ dúdú kan tó gba irú rẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni èyí tó gbé orúkọ rẹ̀ kiri wáyé. Hosea Ballou, àgbà oníwàásù Universalist, àwọn tó ń kọ́ni pé gbogbo ènìyàn ni yóò là nígbẹ̀yìn, wá wàásù ní West Rutland. Wọ́n bẹ Haynes kó wá gbọ́, kó sì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá. Ó ka Jẹ́nẹ́sísì 3:4, ibi tí ejò ti sọ fún Éfà pé, "Ẹ̀yin kì yóò kú ikú kíkú kan." Kò dárúkọ Ballou rárá. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ oníwàásù àkọ́kọ́ tó wàásù pé kò séwu: ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kì í rẹ̀ ẹ́, ó mọ bí a ti ń po òtítọ́ mọ́ irọ́, ibikíbi ló sì ti ń rí ọmọ ẹ̀yìn. Àwọn tó jókòó mọ ẹni tó ń bá wí. Wọ́n tẹ ìwàásù náà jáde, wọ́n sì tún un tẹ̀ ju ìgbà 70 lọ. Ballou kọ̀wé fèsì, Haynes náà fèsì padà. Nígbà tí a bá máa fi ka èsì wọn, ẹni tó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn ti hàn.

Ẹnu rẹ̀ mú, kò sì fi pamọ́. Àwọn ọ̀dọ́ méjì kan tọ̀ ọ́ wá láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, "Bàbá Haynes, ẹ ti gbọ́ ìròyìn ayọ̀? Èṣù ti kú!" Bàbá na ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e lé wọn lórí, ó ní, "Háà, ẹ̀yin ọmọ òrukàn! Kí ló máa wá dé bá yín báyìí?" Nígbà kan pẹ̀lú, ilé pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jóná, gbogbo ìwàásù tó kọ sílẹ̀ bá iná lọ. Haynes bá a kẹ́dùn, ó wá béèrè bóyá kò rò pé ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fún àwọn ènìyàn nínú iná ju èyí tí wọ́n fún wọn lórí àga ìwàásù lọ. Bí mo bá jẹ́ pásítọ̀ yẹn, mi ò ní pè é sí ìsìn ìkórè ọdún yẹn. Ènìyàn tó ní irú ẹnu yìí lè gbé ìjọ ró fún 30 ọdún, ó sì lè kó ọ̀tá jọ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà.

Ìṣèlú ló wá da omi rú. Haynes jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Federalist tọkàntọkàn, ẹgbẹ́ Washington àti Adams. Vermont ń tẹ̀ síhà Jefferson àti Madison, àwọn olórí ẹgbẹ́ tó ń takò wọ́n. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1801, nígbà àjọ̀dún òmìnira 25, ó sọ̀rọ̀ lórí irú ìjọba tí kò ní ọba, ó sì mú ipò àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà láàárín wọn wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbógun ti Bírítéènì ní 1812, ó ní ogun náà ò tọ́, ó sì sọ ọ́ ní gbangba. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì 1813, ọjọ́ ìbí Washington, ó sọ̀rọ̀ ní Brandon. Ìjọba Madison ń sọ pé torí àwọn atukọ̀ Amẹ́ríkà tí Bírítéènì ń fipá mú ni àwọn ṣe ń jà. Haynes ní inú òun dùn pé àánú wọn ń ṣe ààrẹ. Ó wá rán an létí pé ní Virginia, ìpínlẹ̀ ààrẹ fúnra rẹ̀, ènìyàn tó lé ní 340,000 ni wọ́n fi sínú ìdè ẹrú títí ikú ní ọdún 1800.

Ẹ máa wo ìjọ tó jókòó lábẹ́ pásítọ̀ yìí ní 1813. Ọmọ wọn wà lójú ogun. Apá kan nínú wọn gbà pé ẹni tó bá takò ogun nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́ ti di ọ̀rẹ́ ọ̀tá. Àwọn náà ló ń dá owó tí ó fi ń jẹun.

Ó ṣì níyì níta síbẹ̀. Ní 1814 ni àwọn pásítọ̀ Vermont rán an gẹ́gẹ́ bí aṣojú sí ìpàdé gbogbogbòò àwọn ìjọ Connecticut ní Fairfield. Lójú ọ̀nà, ó wàásù ní New Haven nínú ilé ìsìn tí Timothy Dwight, olórí Yale, jókòó sí.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1818. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ Haynes nígbà tó yá pé kí ló dé tí ìjọ Rutland fi jẹ́ kó lọ. Ó ní àwọn ará Rutland gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tó jẹ́ pé lẹ́yìn 30 ọdún, wọ́n wá rí i fínnífínní pé dúdú ni òun, ni wọ́n bá lé òun.

Ẹnu ìtàn gba àwàdà yìí, wọ́n sì ń sọ ọ́ títí dòní. Mo gbà á gbọ́, àmọ́ mo rò pé ìdáhùn rẹ̀ jinlẹ̀ ju ẹ̀rín lọ. Ìjọ tó lé e kì í ṣe ìjọ tó pè é. Ẹni tó ti sìnkú bí 400 láàárín 30 ọdún ti sin púpọ̀ nínú àwọn tó dìbò fún un ní 1788. Àwọn yẹn ti ronú lórí àwọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó kọ̀wé ìpè. Wọ́n ti jà á láàárín ara wọn, wọ́n sì ti gbà. Àwọn ọmọ wọn bá a nílé ni. Wọn ò dìbò fún un rí, wọn ò sì pinnu rí pé àwọn fẹ́ aláwọ̀ dúdú ní pásítọ̀. Nígbà tí ìbínú ìṣèlú dé, tí owó di ohun tí ẹni tó bá wù ló ń dá, wọ́n ní ìdí láti wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú tí wọ́n fi wò ó sì ti yàtọ̀ sí ti bàbá wọn. Nínú ìjọ tó ní bíṣọ́ọ̀bù, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti òkè wá bá wọn sọ̀rọ̀, tàbí kí ó gbé Haynes lọ síbòmíràn láìdójú tì í. Ṣùgbọ́n irú ìjọ bẹ́ẹ̀, ní 1788, kò ní gbé aláwọ̀ dúdú wá fún wọn rárá. Òmìnira tí ìjọ kékeré inú igbó ní láti pe ẹni tí kò sẹ́ni tó máa pè, òun ni òmìnira tí wọ́n fi lé e.

Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ó wu mí kí àkọsílẹ̀ sọ̀rọ̀ Elizabeth ju bó ṣe sọ lọ. Obìnrin tó sọdá ààlà láti fẹ́ ọkùnrin yìí, tó bí ọmọ mẹ́wàá, tó gbé inú ìjọ náà 30 ọdún, tó ń kí àwọn ìyá ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó mọ ẹni tó yí ojú padà àti ọjọ́ tó yí i. Ọ̀rọ̀ ọkọ ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Ìjọ Manchester, ní Vermont náà, gbà á ní ọdún yẹn kan náà. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn kan bẹ́ sílẹ̀ tí gbogbo Amẹ́ríkà fi gbọ́. Russell Colvin, ọkùnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pé, ti dàwátì láti 1812. Ní 1819, àbúrò bàbá àwọn àna rẹ̀ lálàá pé wọ́n ti pa á. Wọ́n mú Stephen àti Jesse Boorn, arákùnrin ìyàwó Colvin. Wọ́n fi ẹ̀rù àti ìlérí bá wọn wí títí àwọn méjèèjì fi jẹ́wọ́, ilé ẹjọ́ sì dájọ́ ikú fún wọn. Wọ́n yí ti Jesse padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Stephen ni wọ́n máa yẹgi fún ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 1820.

Haynes ń lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ó ń bá Stephen gbàdúrà, ó ń gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì dá a lójú pé kò pa ènìyàn. Ẹni ọdún 66 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú, tó tún jẹ́ dúdú, dá takò ohun tí gbogbo ìlú ti gbà. Ìwé ìròyìn ló yọ ọ̀rọ̀ náà: ẹnìkan kà á, ó rántí àlejò kan tó ń ṣiṣẹ́ oko ní Dover, ní New Jersey, tó ń dárúkọ àwọn ará Manchester. Ní oṣù Kejìlá 1819, wọ́n mú Russell Colvin wọ ìlú láàyè. Stephen tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè jáde wá wo òkú tó pa tó dúró níwájú rẹ̀. Haynes wàásù lórí rẹ̀ láti inú Aísáyà 49:9, ibi tí Ọlọ́run ti ń sọ fún ìgbèkùn pé, "Ẹ jáde," ó sì kọ gbogbo ìtàn náà jáde ní 1820. Àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí ọ̀ràn Boorn títí dòní bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fipá gbà lẹ́nu ènìyàn.

Ó ti dàgbà jù fún Manchester láìpẹ́. Ní 1822, ìjọ kan ní South Granville, ní ìpínlẹ̀ New York, kọ̀wé ìpè sí i, ẹni ọdún 68. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1833, ẹni ọgọ́rin ọdún. Fúnra rẹ̀ ló kọ ohun tí wọ́n máa fín sára òkúta sàréè rẹ̀: pé erùpẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ aláìníláárí tó yẹ fún ọ̀run àpáàdì ló wà níbẹ̀, tó gbẹ́kẹ̀ lé ìtóye Kristi nìkan, àti pé ó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ àti ẹnikẹ́ni tó bá kà á láti gbẹ́kẹ̀ lé ìpìlẹ̀ kan náà. Kò mẹ́nu ba Rutland. Ilé tó gbé ní South Granville ṣì wà; ní 1975 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi ìrántí orílẹ̀-èdè.

Nǹkan kan kù tí ìjọ rẹ̀ kankan kò rí kà nínú ìwé títẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ní nǹkan bí 1776, nígbà tí Ìkéde Òmìnira Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọ̀dọ́kùnrin yìí jókòó, ó fi ọ̀rọ̀ inú ìkéde náà ṣí ìwé tirẹ̀, ó sì fi Bíbélì àti ọgbọ́n orí rò ó pé ẹ̀tọ́ tí òyìnbó ní sí òmìnira, ọmọ Áfíríkà ní in pẹ̀lú, kò sì dín rárá. Ìwé náà sùn sílé ìkàwé Harvard. Ruth Bogin, onímọ̀ ìtàn, ló rí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1983.